Àga Màámi ní Ìdí Igi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù kẹta

Wọ́n ti kan pátákó mọ́ ẹnu géètì pápá eré ìje mọ́tò. Àwọn ọmọ bàbá tó ni ilẹ̀ ti tà á. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀ tí eré márùn-ún tó kù lọ́dún yìí bá ti parí. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á tijú, á yí padà. Wáyà, mẹkáníìkì mi, tó jẹ́ pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kì í kọ́kọ́ fi wáyà dè, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká já mọ́tò sílẹ̀ jàre. Kíkà yẹn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Pápá yìí ni mo ti kọ́ ìrìn. Àwòrán kan wà nílé Màámi tí mo ti di táyà mú níbẹ̀, tí mo ń gbìyànjú láti dìde. Látìgbà tí mo ti ń sáré níbẹ̀, mo ti gba ipò kejì, mo ti gba ipò kẹta débi pé n kì í kà á mọ́, ṣùgbọ́n n kò gba kìíní rí. Bàbá mi gbà á léraléra kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí mo fẹ́ lọ́dún yìí ò ju ẹyọ kan lọ: kí n ṣíwájú gbogbo wọn kọjá lábẹ́ àsíá lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tó da kọnkéré lé gbogbo ẹ̀ lórí.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Olówó orí mi, tí ẹ ò bá wá gbà á ńkọ́? Ṣé àwa la máa fojú rí màbo nínú ilé yìí?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Olùkọ́ wá kọ́ mọ́tò láàárọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò fẹ́ máa bẹ ọmọ kankan kó wá gbé òun mọ́. Ó di sítíárì mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Oníkẹ̀kẹ́ kọjá wa. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá wa. Mo ní, "Mà, ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀." Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ ni, àbí èmi?"

Gbogbo ẹni tí mo bá kọ́ ní mọ́tò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" ni mo máa ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ará pápá gbọ́, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn mọ́tò tí mo fi ń sáré. Mo ti gba kámú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Òòrùn mú gan-an. Ìdánrawò la ṣe láàárọ̀.

Wọ́n ti gé igi ńlá tó wà níbi kọ́nà. Mo yọ sí ibi tí ọ̀nà ti gùn, mo ń wò ó látòkèèrè bí mo ṣe máa ń wò ó, n kò rí nǹkan kan àfi ojú ọ̀run. Àwọn awọnlẹ̀ ló gé e. Gbòǹgbò ẹ̀ pàápàá, wọ́n hú u.

Pápá wa kúrú. O ò tíì mí tán ní kọ́nà kan tí òmíràn á ti dé. Tí o bá ba ọ̀kan jẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́ nìyẹn, wàá sì máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ táyà títí wàá fi yípo tán. Ibì kan ṣoṣo tí èèyàn ti lè ya ẹlòmíràn sílẹ̀ ni Ìdí Igi, níbi tí ọ̀nà gígùn yẹn ti parí, tí kọ́nà sì ká bí ìgbọ̀nwọ́. Wàá tẹ bíréèkì nígbà tí mọ́tò ṣì wà ní tààrà, wàá já gíà sí méjì, wàá wá máa yọ ẹsẹ̀ lórí bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ẹ ṣe ń yí sítíárì. Tí o bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí mọ́tò á fẹ́ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Igi yẹn ló máa ń sọ fún gbogbo wa pé ó tó àkókò láti tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi náà, igi yẹn ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará pápá wí.

Mo yípo títí. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo tilẹ̀ yá ju bí mo ṣe máa ń yá lọ. Wáyà ń jó níbi tó dúró sí. Ọ̀la leré, lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àìkú

Mo ti ba mọ́tò jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ara mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ọrùn ló ṣì ń dùn mí.

Awakọ̀ kan tí à ń pè ní Ìkánjú ló wà níwájú mi lánàá. Àga àti tábìlì ló ń tà lọ́jọ́ tí kò bá sí eré, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti dé akoto, á máa wakọ̀ bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó. Mo sún mọ́ ọn. A jọ yọ sí ọ̀nà gígùn. Mo ń retí àmì mi, n kò rí i. Nígbà tí mo máa fi tẹ bíréèkì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pariwo, mo lọ tààrà wọ inú òkìtì táyà tí wọ́n tò sí ìta kọ́nà. Imú mọ́tò wọlé, rédíétọ̀ bẹ́, omi gbígbóná ń ṣàn nílẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń fà á jáde ni mo wo ilẹ̀, ni mo rí i. Táǹkì omi kan wà lórí irin gíga lẹ́yìn ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjìji ẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà níbi tó yẹ ká ti tẹ bíréèkì gan-an. Òjìji yẹn ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ lé tí kò sọ fún mi. Lọ́sàn-án, òòrùn ti rìn, òjìji ti bá a lọ. Èmi tí mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ pé kó má fi ohun tó ń rìn ṣe àmì.

Mo sọ ọ́ fún Wáyà. Ó wò mí, ó wo òkè, ó ní, "Ọ̀gá, wáyà tí mo ní ò gùn tó èyí tí wọ́n lè fi so òòrùn mọ́lẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo lọ sọ́dọ̀ Màámi. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí ìdúró èèyàn, wọn ò rí ojú. Ṣùgbọ́n etí wọn ò gba gbẹ̀rẹ́. Kí n tó jókòó, wọ́n ní, "Mọ́tò Wáyà lo gbé wá. Tìẹ dà?"

Mo rò fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi òjìji, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Igi wo? Ta ló sọ fún ẹ pé igi ni bàbá ẹ ń wò?"

Mo ní gbogbo ayé ni.

"Gbogbo ayé ò bá a jókòó nínú mọ́tò. Èmi ló ń wò."

Mo mọ̀ pé àwọn ló ń di aago mú fún pápá láyé ijọ́un. Títí dòní, Ìyá Aláago ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tí àga wọn máa ń wà. Inú pápá ni, lẹ́yìn odi kúkúrú tó bá ọ̀nà gígùn yẹn lọ, wọ́n á sì wé sikáàfù yẹ́lò sórí. Ibi tí Bàbá bá ti bá sikáàfù yẹ́lò dọ́gba ló ti ń tẹ bíréèkì.

"A ò tíì fẹ́ra nígbà yẹn. Mo rò pé mo wù ú ló ṣe ń wò mí. Mo wù ú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi mí ṣe àmì."

Nígbà tó yá, tí Màámi bá gbọ́ ọ létí pé mọ́tò ṣì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sún àga síwájú díẹ̀. Bàbá náà á pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó tẹ bíréèkì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ẹnì kejì. Bó ṣe gba gbogbo kìíní yẹn nìyẹn.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí Bàbá ò gbà á mọ́?"

Wọ́n ní, "Mo lóyún ẹ. Mo sún àga padà."

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Ipò kejì ló ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ibi tí àga wà, ó wò mí. Ó ní, 'Ṣé ibẹ̀ la máa jókòó sí báyìí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò burú. Kò tún bi mí mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Ipò kejì ni gbogbo ife tí mo bá lórí sẹ́ẹ̀fù nígbà tí mo gbọ́njú. Mo rò pé ara ló ti ń dara àgbà. Àárò bàbá mi sọ mí lónìí bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ. Mo wakọ̀ délé, n kò rántí ojú ọ̀nà tí mo gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Rédíétọ̀ tuntun wọ́n bí ojú. Wáyà rí àlòkù kan, ó ń jò díẹ̀. Ó ní kì í ṣe jíjò, ó ní ó kàn ń làágùn ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò. Ipò karùn-ún. Ó dáa fún imú tí wọ́n fi wáyà dè. Ní Ìdí Igi, mo ń tètè tẹ bíréèkì jù, ẹ̀rù òkìtì táyà yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Mo bẹ Màámi pé kí wọ́n wá. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ wá wò? Ojú mi ò ríran."

Mo ní, "Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rí mi, Màámi. Èmi ni mo fẹ́ máa rí yín."

Wọ́n dìde, wọ́n ń táràrà lọ sídìí àpótí, ọwọ́ wọn lọ sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n yọ sikáàfù. Yẹ́lò yẹn ti ṣá. Òórùn káńfọ̀ ń ta lára ẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá àwọ̀ ẹ̀ ṣì wà. Mo ní ó ń dán. Ìyàwó mi tó bá mi wá wò mí, ṣùgbọ́n kò tú àṣírí mi.

Àga náà wà ní yàrá ẹrù, èyí onígi tó ṣe é ká. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti yẹ̀. Wáyà fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dè é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ipò kẹta.

Olórí àwọn tó ń ju àsíá kọ́kọ́ ní àga ò lè wà níbẹ̀, pé òfin ò gbà á. Ìgbà tó rí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí ẹ̀, ó ṣí fìlà. "Ìyá Aláago, ṣé ẹ ṣì wà?" Màámi ní, "Níbo lo fẹ́ kí n lọ?" Òun fúnra ẹ̀ ló bá wọn tẹ́ àga náà sẹ́yìn odi. Ìyàwó mi dúró tì wọ́n.

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Mo yọ sí ọ̀nà gígùn, mo rí nǹkan yẹ́lò kékeré yẹn lókè odi, àyà mi sì rọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé ibi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n sún un padà nítorí oyún mi ni. Mo bá wọn dọ́gba, mo tẹ̀ ẹ́, mọ́tò sì yí bí ẹni pé inú ẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn eré, wọ́n ní, "Ò ń yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń gbọ́ ẹ. Ta lò ń bẹ̀?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo nìkan jókòó sínú mọ́tò ní ọgbà Wáyà ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ń pa páànù. Orí ọ̀pá gíà yẹn, ti Bàbá ni. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá rà ni wọ́n máa ń tú u sí, èmi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti jẹ lápá kan, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ wọn máa ń wà. Ọwọ́ mi bọ́ sínú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń jẹ́ kí n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á wá gbé tiwọn lé tèmi, a ó jọ máa já gíà títí a ó fi délé. Òórùn pẹtiróòlù máa ń wà lára ẹ̀wù wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n wà ní pápá lọ́jọ́ eré tó gbẹ̀yìn. Kò sí ohun tí n kò lè fi gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ipò kejì. Imú mọ́tò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ti Ìkánjú. Ó ku eré kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún

Wáyà ní páàdì bíréèkì tuntun ò tíì dé, pé èyí tó wà níbẹ̀ á gbé eré kan. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti wò ó.

N kò lè sùn. Ìyàwó mi ní kí n yéé já gíà sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Eré ìkẹyìn ti parí lánàá.

Àwọn tí mo rò pé wọ́n ti kú wá. Àwọn àgbà awakọ̀ tí wọ́n bá Bàbá sáré, tọ̀pátọ̀pá, tọmọtọmọ. Olúkúlùkù wọn lọ kí Màámi lórí àga. Èèyàn kan ń bu yẹ̀pẹ̀ etí ọ̀nà sínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ gbé e sílé.

Ìkánjú ló kọ́kọ́ jáde, mo tẹ̀ lé e. A yípo, a yípo, n kò rí àyè. Sikáàfù wà níbi tó máa ń wà. Mo yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i pé ó ti sún síwájú. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo bá a dọ́gba, mo tẹ̀ ẹ́, mọ́tò dúró. Ìyàwó mi ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà: Màámi ló dìde fúnra wọn, wọ́n gba ọwọ́ òun dànù, wọ́n ń wọ́ àga lọ nínú koríko. Nígbà tó tún yá, wọ́n tún wọ́ ọ síwájú. Mo mọ ibi tí wọ́n dé. Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí kí wọ́n tó bí mi ni.

Níbẹ̀ ni mo ti kọjá Ìkánjú. Ó ti tẹ bíréèkì tiẹ̀, èmi ò tíì tẹ tèmi. Mo bọ́ sínú, mo já gíà sí méjì, mo jẹ́ kí táyà iwájú gun etí kọ́nà díẹ̀, mo sì ti jáde níwájú ẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níwájú mi mọ́, ojú ọ̀nà nìkan ni. Mo ń sunkún nínú akoto, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo ń bá Bàbá sọ̀rọ̀. Mo ní, ẹ wò ó, ẹ wò ó.

Ó ku ìyípo méjì. Mo yọ sí ọ̀nà gígùn, mo wo ibi tí sikáàfù wà, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo wá rí i, ẹ̀yìn gan-an, ibi tí kò dé rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí ọ̀nà gígùn ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò jókòó. Wọ́n dúró, wọ́n di ẹ̀yìn àga mú.

Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ bíréèkì níbẹ̀, Ìkánjú á kọjá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀. Irin ń ha irin, mọ́tò ò fẹ́ dúró. Gbogbo ọ̀nà tó kù ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń já gíà, kí n tó lè rọra yí i ní Ìdí Igi. Ìkánjú ti lọ. Mo fi gíà nìkan rá pálá dé ìparí, èyí tó wà lẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi. Ipò kejì.

Wáyà tú táyà. Páàdì ti jẹ tán, irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti pọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò dárúkọ wáyà. Ká ní mo dúró di ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, kì bá tí sí bíréèkì kankan tó máa mú mi, òkìtì táyà yẹn ò sì ní gbà mí lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú eré tí mo ń sá.

Ìkánjú wá, akoto wà lábẹ́ apá ẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ẹ ti gbà á tán. Kí ló dé tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì níbẹ̀ yẹn?" Mo nawọ́ sí àga.

Màámi ní, "Bíréèkì ẹ ti ń ké látìgbà díẹ̀. Ayọ̀ ló dí ọ létí."

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ nínú ìwé tèmi. Ó dùn mí débi pé mo lọ dúró lẹ́yìn táǹkì kí ẹnì kankan má bàa rí ojú mi. Nígbà tí Wáyà ń fi mọ́tò tiẹ̀ rọra fà wá lọ sílé, Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú lórí orí gíà yẹn.

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Bàbá ẹ náà fẹ́ ẹ."



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà

Katakata ti wọ pápá. N kò lọ wò ó. Wáyà lọ, ó ní wọ́n ti hó ọ̀nà gígùn. Ó mú ègé ojú ọ̀nà kan wá fún mi láti Ìdí Igi. Mo gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù, láàárín àwọn ife ipò kejì, ti Bàbá àti tèmi.

Ìyá Olùkọ́ ń ṣe dáadáa. Ó ti ń kọjá oníkẹ̀kẹ́. A gba àdúgbò Màámi láàárọ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti gbé àga síta, sí iwájú ilé, níbi tí títì ti fẹ́ yà. Sikáàfù wà lórí wọn. Wọ́n ti gbọ́ mọ́tò wa, wọ́n sì gbé orí sókè.

Mo ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá ti bá ìyá yẹn dọ́gba, ẹ tẹ bíréèkì."

Ó ní, "Kọ́nà ṣì jìnnà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ibẹ̀ la máa ń tẹ̀ ẹ́ nílé tiwa."